Ooru Inú Ọkọ̀ Háíbírìdì

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọkọ̀ háíbírìdì yìí, tó ń lo epo àti bátìrì, ti sọ Délé ọkọ mi di ẹlòmíì. Ẹni tó tà á fún wa sọ pé lítà epo kan á gbé wa rin ogún kìlómítà. Kó tó di òní, a ò rí ju mẹ́rìnlá lọ, Délé sì ti sọ ọ́ di ìjà.

Lónìí, a lọ gbé màmá rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ojú ní Kétu. Oòrùn mú gan-an. Délé pa AC kí epo má baà tán kíákíá.

"Délé, ooru ń pa mí o," Mummy ní.

"Ẹ ní sùúrù, Mummy, ó ti dé mẹ́rìndínlógún."

Mo tan AC. Ó tún pa á. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yẹn ni Mummy ti ṣílẹ̀kùn, tí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Mo sáré tẹ̀ lé wọn, a jọ wọ kẹ̀kẹ́ dé ilé wọn ní Ìkòsì. Ojú tì mí. "O kú sùúrù, ìyàwó mi," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Nígbà tí mo padà dé ilé wa, Délé wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe bọ́ sílẹ̀ báyìí, ó wọ méjìdínlógún!"

Kò tiẹ̀ béèrè bóyá ìyá rẹ̀ délé láyọ̀.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Dókítà ní kí Mummy padà wá lọ́la; èmi ni màá gbé wọn lọ, AC á sì wà ní títàn délé. Kí ọkọ̀ náà mu epo tó bá wù ú.