Orúkọ Tó Ṣí Kọ̀ǹpútà Bàbá Mọ́ṣádé

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, opó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka èyí sétí ọkọ mi. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì rèé tí a sin wọ́n.

Bàbá Mọ́ṣádé, kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń kọ ìtàn ìdílé yín kò ṣí, torí n kò mọ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀. Lánàá, Edith àbúrò yín, tí a ti ń bá ara wa yan odì láti ọdún mẹ́ta, mú àpòòwé wá.

"Ìyàwó, bọ̀ọ̀dá ní bí àwọn bá gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, kí n rán àwọn létí."

Ẹnu yà mí. Ìbàdíàrán ni ẹ kọ síbẹ̀, orúkọ tí mo sọ Edith nígbà tí mo wọlé yín. Mo fi pè é kí n tó tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Edith dáhùn.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé ọkọ mi mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni? Bàbá Mọ́ṣádé, àwa méjèèjì yóò máa kọ ìtàn náà lọ.