Ohun Tí Walter Wá Sọ Nípa Cyril

                                        Ilé Scupholme,
                                        Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Wragthorpe, Lincolnshire.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 1946.

Muriel, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Leeds lọ́hùn-ún? Ẹ̀yìn tó ń ro màmá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti dẹ̀ díẹ̀? Àwọn aláìsàn tí ò ń tọ́jú ńkọ́, àti nọ́ọ̀sì àgbà tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn? Òtútù ò tíì kúrò níbí. Bàbá ń wúkọ́, síbẹ̀ wọn ò yéé lọ wo àwọn àgùntàn wọn. Mẹ́ta ti bímọ. Èmi náà wà, oorun ni mi ò kì í sùn dáadáa mọ́.

Lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. O ní Ọ̀gbẹ́ni Pickard fẹ́ fẹ́ ọ, o ò sì tíì dá a lóhùn, o wá ní kí n sọ òótọ́ fún ọ bóyá a ti gbọ́ nǹkan kan nípa Cyril ẹ̀gbọ́n mi, tí o ti ń dúró dè láti ìgbà ogun. Nígbà yẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan, mi ò sì mọ ohun tí màá kọ, ni mo ṣe dákẹ́. Má bínú. A ti gbọ́ báyìí. Jọ̀wọ́, jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Ní Sátidé tó kọjá, ọkùnrin kan kanlẹ̀kùn wa. Ó rù, ó wọ ìbọ̀wọ́, kò sì lè wojú wa. Ó ní Walter Leggett lorúkọ òun, pé inú bàálù ogun kan náà lòun àti Cyril jọ wà, òun ló ń tẹ wáyà ránṣẹ́ látinú ẹ̀. Màmá fà á wọlé bí ẹni pé wọ́n ti ń retí ẹ̀ tipẹ́. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ tí ìjọba ti kọ̀wé pé àwọn ò rí Cyril mọ́ lójú ogun, Màmá ò gbà kẹ́nikẹ́ni sọ pé ó kú. Lóṣù tó kọjá tí àlùfáà wá gba orúkọ àwọn tí wọ́n máa gbẹ́ sára òkúta ìrántí ogun, Màmá ní, "Orúkọ àwọn tó kú ni kí ẹ gbẹ́. Ọmọ tèmi ń bọ̀."

Walter ní wọ́n ti ju bọ́ǹbù tán, wọ́n ń padà bọ̀ lórí òkun, kí bàálù ọ̀tá kan tó yìnbọn lù wọ́n látìsàlẹ̀. Iná mú apá kan. Ọ̀gá wọn pariwo pé kí gbogbo wọn bẹ́ síta. Walter ní òun ti fẹ́ bẹ́ nígbà tí òun gbọ́ tí Cyril ń gbá ilẹ̀kùn ibi tóóró tó máa ń jókòó sí nídìí bàálù, níbi tó ti ń yìnbọn. Ilẹ̀kùn náà ti há. Walter rá padà sẹ́yìn nínú iná, ó fọwọ́ méjèèjì fà á, kò ṣí ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Ó rí mi kedere, Mà," ni Walter wí. "Ó ní, 'Wally, fi í sílẹ̀, máa lọ.' Mo ní mi ò lọ. Ó ní, 'Ìwọ òmùgọ̀ yìí, o fẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ ni? Bẹ́ jàre!' Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń bú mi."

Muriel, ṣé o rí i pé Cyril gan-an nìyẹn?

Walter bẹ́. Ó ní òun ṣì ń rọ̀ bọ̀ lábẹ́ aṣọ ńlá tí wọ́n fi ń bẹ́ látinú bàálù nígbà tí bàálù náà já sínú òkun tiná-tiná. Àwọn ará Jámánì ló yọ òun nínú omi, wọ́n sì fi òun sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n títí ogun fi parí. Ọsibítù ló tún wà lẹ́yìn ìyẹn.

Bàbá ń wo ilẹ̀. Màmá ló sọ̀rọ̀.

"O rí òkú ẹ̀?"

"Rárá, Mà."

"O fi ọmọ mi sílẹ̀ nínú iná."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Kò ṣàwáwí kankan. Èmi tí mò ń wá nǹkan sọ ní kó bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ̀ kó yáná. Ó bọ́ ọ. Ká ní mo mọ̀, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Iná ti jẹ ọwọ́ méjèèjì, àwọn ìka ti lẹ̀ mọ́ra. Màmá wò wọ́n títí, wọ́n dìde, wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n sì tilẹ̀kùn. Walter dìde, ó kí wa, ó sì lọ.

Kò tíì pẹ́ tí Màmá já síta láìwọ kóòtù. Mo sáré tẹ̀ lé wọn dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró, níbi tí Walter wà. Wọ́n di búrẹ́dì sọ́wọ́, pẹ̀lú gbogbo ẹran tá a fi ìwé ìpín oúnjẹ ìjọba gbà fún ọ̀sẹ̀ náà.

"Má tún wá síbí mọ́," ni wọ́n sọ fún un bí wọ́n ṣe ń kó oúnjẹ náà lé e lọ́wọ́. "Mi ò lè máa wò ẹ́. Ṣùgbọ́n jẹun. O ti rù jù."

Walter bú sẹ́kún. Màmá di apá ẹ̀ mú títí bọ́ọ̀sì fi dé.

Lọ́jọ́ Ajé, Màmá fúnra wọn lọ bá àlùfáà, wọ́n sì pe orúkọ Cyril fún un lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí àwọn tó máa gbẹ́ òkúta má baà ṣì í kọ. Inú ń bí mi sí Walter, inú sì tún ń bí mi sí ara mi pé ó ń bí mi. Nígbà míì, mo máa ń rò ó pé ì bá dáa ká ní kò wá.

Láàárọ̀ yìí, Màmá bá mi nídìí ìwé yìí. Wọ́n ní, "Muriel lò ń kọ ọ́ sí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé kó fẹ́ ọkùnrin yẹn. Ó ti dúró tó." Mo rò pé wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n tún yíjú padà.

"Tó bá bí ọkùnrin, kó má sọ ọ́ ní Cyril o. Cyril kan ṣoṣo ni mo bí."

Bá mi kí màmá rẹ. Bàbá ní kí n kí ọ.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ, lánàá àti lónìí,
                                        Enid