Òkúta Tí Mo Fi Gba Àyè fún Ọ

Àyànkẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó wà lára bùbá mi kì í ṣe tèmi. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

Láti ọjọ́ tí Amẹ́ríkà ti dá ìrànwọ́ oògùn éèdì dúró, òkúta la fi ń gba àyè nílé ìwòsàn, bí ẹni fi kẹ́ẹ̀gì tò nídìí ẹ̀rọ omi. Láàárọ̀ yìí, ó ku ike oògùn kan ṣoṣo. Ọkùnrin kan tó faṣọ bojú fẹsẹ̀ ta òkúta tìrẹ tó ṣíwájú dànù. Mo ní, "Olè, gbé e padà!" Ó gbé tirẹ̀ síbẹ̀. Ará Ìdèrè kan tó ń tò lẹ́yìn mi bi mí pé, "Àbí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́ ni?" Ìjà ò dọlà, mo mọ̀, síbẹ̀ mo gbé òkúta náà, mo là á mọ́ ọn lórí lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ bọ́ lójú rẹ̀: Ògúnníyì, ẹ̀gbọ́n rẹ, ni.

Ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, ó ní, "Àna mi, má jẹ́ kí Àyànkẹ́ gbọ́ pé mo ní àrùn yìí." N kò lè sọ fún un pé ìwọ ni mo ń tò fún.

Wọ́n ti rán orí rẹ̀, ó wà nílé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ju ike náà sí mi. Ike náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ. Oògùn kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń lò. Pín in sí méjì, gbé tirẹ̀ lọ fún un. Ọlọ́pàá ní kí n wá, má tẹ̀lé mi. Kí o tó bi í ní ohunkóhun, kọ́kọ́ sọ tìrẹ.

Bàbá Bùkọ́lá