Ìlà Kọkànlélógún Tí Mọ́mì Kò Rí

                                        Ilé Àbídì,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Ìkirè,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, 2024.

Fọláṣẹwà, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìyìn ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti yọ tán, àbí ó ṣì ń gé èèyàn jẹ? Ẹ kú ooru Àkúrẹ́, ẹ kú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ tiwa lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ kẹrin rèé, mo sì ti ń wo aago láti ago méjì ọ̀sán.

Ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti pe nọ́ńbà rẹ lọ́sẹ̀ yìí, tí mo gé e kó tó dún, torí bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni màá sun. Ọ̀rọ̀ Mọ́mì rẹ ni. Kì í ṣe àìsàn o, ara wọn le.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Titus, tó kọ́ àwa méjèèjì ní ìṣirò ní Àpòmù, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣe ètò kan tí àwọn ilé ìwé fi ń kó ètò mìíràn wọ inú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì fi ń yọ èyí tí wọn ò fẹ́ mọ́. Kò sí àwòrán tí èèyàn ń tẹ̀ nínú rẹ̀. O máa kọ àṣẹ sí i, òun náà á fi ọ̀rọ̀ dá ọ lóhùn ní ìlà-ìlà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yẹ ìdáhùn yẹn wò. Mo ní ìwé ìdáhùn kan nínú kọ̀ǹpútà mi, tí mo kọ ohun tó yẹ kó sọ sí. Bí ohun tó sọ bá fi ìlà kan péré yàtọ̀ sí tinú ìwé mi, pupa ló máa yọ. Bó bá dọ́gba, á yọ àwọ̀ ewé. O mọ̀ mí ní oníwàhálà. Àlàfo kan lé, mo ti pariwo.

Lóṣù Kọkànlá tó kọjá, pupa yọ. Bí èèyàn bá fẹ́ yọ ètò kan, ó yẹ kí ètò tiwa kọ́kọ́ to orúkọ gbogbo ohun tó rọ̀ mọ́ ọn, tó máa bá a lọ, sílẹ̀, kó tó béèrè bóyá kí òun ṣe é. Mẹ́tàlélógún ló wà nínú ìwé mi. Ogún péré ló tò, kò sì sọ pé nǹkan kù. Mo lọ bá Ọ̀gá. Wọ́n ní àwọn ló dá a dúró síbẹ̀, kí ojú kọ̀ǹpútà má baà kún. Mo ní, "Sà, ẹni tó ń kà á ò ní mọ̀ pé ó kù o." Wọ́n ní, "Raliat, ìwọ tí mo kọ́ ní álíjébrà, ìwọ náà lo fẹ́ wá máa máàkì iṣẹ́ mi?" Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ta ni mo jẹ́ tí màá ní tíṣà mi ṣì í ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, mo padà lọ pa ìlà mẹ́ta rẹ́ nínú ìwé ìdáhùn mi. Ó sì yọ àwọ̀ ewé.

Mọ́mì ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìwé wọn ní Wásinmi, ètò Ọ̀gá Titus yìí ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, kọ̀ǹpútà náà kún, wọ́n fẹ́ yọ ètò àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní títẹ̀. O mọ̀ pé wọn kì í fọwọ́ kan nǹkan láìkọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n mú bírò, wọ́n da gbogbo orúkọ tó jáde kọ sínú ìwé, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí èyí tí wọ́n nílò níbẹ̀, wọ́n wá tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ìlà kọkànlélógún, tí kò hàn, ni ètò tí máàkì ọdún mẹ́ta àwọn ọmọ SS3 wà nínú rẹ̀. Ó bá a lọ. Fíláàṣì tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ti bàjẹ́ láti oṣù Kìíní. A ti ṣe gbogbo ohun tí a mọ̀, kò padà. Ọ̀gá ilé ìwé wá fún wọn ní kúérì, nígbà tí ìfẹ̀yìntì wọn ku oṣù mẹ́rin.

Lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá bá mi nílé pẹ̀lú ìwé náà. Wọ́n ń fi ìka tọ orúkọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Raliat, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Jọ̀ọ́, èwo ni mi ò kà níbẹ̀? Àbí orí mi ti ń dàrú ni?" Mo ní kí n lọ bu omi wá, mo sì pẹ́ ní kíṣínì débi pé wọ́n pè mí. Wọ́n gbàdúrà fún mi kí wọ́n tó lọ, pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ò ní dójú tì mí. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi ni mo dákẹ́, ti ìyá rẹ ló bá mi dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bá Ọ̀gá Titus sọ ọ́. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Orúkọ ta ló wà lábẹ́ ẹ̀?" Orúkọ mi ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù, mo kúnlẹ̀ níwájú Mọ́mì, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Ì bá dùn mọ́ mi. Wọ́n ní, "Ta lo tún sọ fún?" Mo ní Ọ̀gá nìkan. Wọ́n ní, "Kó mọ bẹ́ẹ̀. Èmi ti fẹ́ lọ sinmi, ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá lé ẹ níbẹ̀, ta ló máa gbà ẹ́ síṣẹ́?" Mo ní màá lọ bá ọ̀gá ilé ìwé fúnra mi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní lọ. Fọláṣẹwà, àgbà tí mo ṣẹ̀, tó tún wá ń bẹ̀ mí, kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ṣèlérí.

Lánàá, Mọ́mì fọwọ́ sí èsì kúérì náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò ka ojú kọ̀ǹpútà dáadáa, pé ọjọ́ orí ni. Ohun tó máa wọ fáìlì wọn nìyẹn lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ fún ìwọ náà pé àwọn ti ń gbàgbé nǹkan. Má gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n ka gbogbo ohun tí a fi hàn wọ́n. Mi ò mọ ohun tí o lè ṣe sí i, mi ò tilẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbé Ìyìn mọ́ra. Mi ò lè ní kí o bá mi kí Mọ́mì, torí wọn ò gbọdọ̀ mọ̀ pé mo kọ̀wé sí ọ. Nígbà tí mo ń lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, wọ́n sìn mí dé títì, wọ́n sì sọ fún ọlọ́kadà pé kó rọra gùn ún, pé ọmọ àwọn ló gbé sẹ́yìn.

                                        Èmi ni, bí o bá ṣì kà mí mọ́ tìrẹ,
                                        Raliat Gàrúbà.