Màmá Ṣì Ń Gbàdúrà fún Baba Ẹlẹ́ṣin

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dárúkọ mi, torí gbogbo Ìgèdè ló ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò.

Ìyá àgbà mi fẹ́ràn òṣèré Amẹ́ríkà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Baba Ẹlẹ́ṣin. Màmá ní akin ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń jábọ́ látorí ẹṣin nínú fíìmù. Àràárọ̀ ni Màmá ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún un. Mo wá rí i lórí fóònù pé ó ti kú tipẹ́. Ó ṣeré títí ó fi darúgbó.

Nígbà tí mo ní mo fẹ́ sọ fún Màmá, àbúrò mi ní, "Olóríkunkun, má ba ayọ̀ Màmá jẹ́!" Ṣùgbọ́n tí Màmá bá ti ń gbàdúrà yẹn, mi ò lè ṣe àmín mọ́. Mo gbà pé tí Màmá bá gbọ́ bó ṣe dàgbà tó, ọpẹ́ ni wọ́n máa dá. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ fún wọn?