Nọ́ọ̀tù Ẹ̀gbẹ́ Àlàáfíà

Bàbá mi, àyànfẹ́ ìyá mi,

Mo ti lọ́kọ o! Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó kí yín, nítorí ayọ̀ náà kò jẹ́ kí n mí dáadáa. Sátidé mẹ́ta sẹ́yìn ni. Ìlú tí ẹ fi sílẹ̀ ní Gold Coast ti di Ghana, èmi náà sì ti di ìyàwó. Ìlú gba òmìnira, èmi wọ àjàgà! Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọmọ Yorùbá ni ọkọ mi. Ará Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Accra níbí ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bí ó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bí inú bá bí i, èdè Gà ló máa ń jáde. Ẹ̀ bá fẹ́ràn rẹ̀. Àbí ẹ kò ní fẹ́ràn rẹ̀? Ẹ̀ bá kọ́kọ́ fi sípánà lé e lọ́wọ́, kí ẹ máa wo bí ó ṣe mú un.

Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mọ́tò yín ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò ládùúgbò Kokomlemle, níbi tí ẹ gbé e sí kí àìsàn tó dá yín wólẹ̀. Táyà ẹ̀yìn kan ti rọ, ó ti rì sínú ilẹ̀. Màmá ti pinnu láti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù bí kò bá kúrò níbẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Kò kàn lè máa rí i láràárọ̀ mọ́ ni. Mo bẹ ọkọ mi, a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá.

Ẹ rántí pé ẹ kì í pe òsì ní òsì, nítorí ó jọ òṣì létí yín. Àlàáfíà lẹ máa ń pè é: ọwọ́ àlàáfíà, ẹ̀gbẹ́ àlàáfíà. Láti kékeré lẹ ti kọ́ mi pé nọ́ọ̀tù táyà ẹ̀gbẹ́ àlàáfíà mọ́tò yín yàtọ̀, ọ̀tún la ń yí i sí kó tó tú. Mo rò pé gbogbo ayé ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an ni táyà tó rọ náà wà; mẹ́ta nínú nọ́ọ̀tù rẹ̀ ni mo fọwọ́ ara mi tú wẹ́rẹ́. Ọkọ mi gba ìkẹrin, ó ń yí i sí òsì, mo sì pariwo: “Nọ́ọ̀tù àlàáfíà ni o!”

“Àmín o, ìyàwó mi! Àlàáfíà ni tiwa!” Ó sì tún fi gbogbo agbára yí i sí òsì.

Bàbá, àdúrà ló pè é! Kí n tó fa ọwọ́ rẹ̀, igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà orí nọ́ọ̀tù náà ti jẹ tán, ó di róbótó, sípánà kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo bú sẹ́kún. Bí táyà ò bá yọ, àwọn tó ń ra irin á tú mọ́tò yín palẹ̀.

A da kẹrosíìnì sí i títí oòrùn fi kan àtàrí. Nínú àpótí yín, a rí sípánà olójú kòtò kan tó kéré sí nọ́ọ̀tù náà díẹ̀. Ọkọ mi fi òòlù gbá a wọ orí nọ́ọ̀tù náà títí ó fi há pinpin. Àwa méjèèjì di ọ̀pá rẹ̀ mú, a yí i sí ọ̀tún.

Ìgbà yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn pé ọwọ́ yín ló dì í gbẹ̀yìn. Agbára apá yín ṣì wà nínú irin yẹn. Mo fẹ́ kó tú. Mi ò sì fẹ́ kó tú. Ṣé ẹ rí i pé mo dẹ ọwọ́? Ọkọ mi wo ojú mi. Ó dúró títí mo fi tún ọ̀pá náà mú dáadáa. Nọ́ọ̀tù náà ké kìn-ín, ó tú.

Lọ́jọ́ Àìkú, a ti fi táyà mìíràn sí i, ọkọ mi sì yá bátìrì wá. Mọ́tò yín wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bú ramúramù. Màmá jáde. Mo rò pé inú ń bí i ni, ṣùgbọ́n ó ti wé gèlè, ó sì gbé báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó ń wo iwájú. Ọwọ́ ló fi ń júwe ọ̀nà. Ọkọ mi ń wà á lọ.

Nígbà tí a dé ìtẹ́ òkú tí ẹ sùn sí, ọkọ mi kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó fi í sílẹ̀ kó máa dún lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ẹ gbọ́ ọ, Bàbá? Ṣé ẹ mọ̀ pé àwa ni?

Èmi ni, ọmọ yín,
tí àárò yín ń sọ láàárín ayọ̀.