Oníbàárà Tó Bínú Wọ Kíláàsì Wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú ohùn dídùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi o.

Àwọn tó ń fọṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń ní kí ẹnìkan wá ṣe bí oníbàárà tínú ń bí, kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀tù sí i nínú.

Lọ́jọ́ kan, kí àbúrò ọkọ mi tó máa ṣeré náà tó dé, oníbàárà gidi já wọlé. Wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù jó ṣòkòtò ẹ̀! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rò pé eré ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Áyọ́ọ̀nù tó máa ń lọ aṣọ, tójú máa ń tì jù nínú wọn, fún un ní àga, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́ títí ó fi rẹ́rìn-ín. Ni gbogbo wọn bá pàtẹ́wọ́: "Bọ̀dá, ẹ mà mọ eré ṣe o!"

Ṣé kí n sọ òótọ́ fún wọn, àbí kí n gbẹ́nu dákẹ́ kójú má baà tún máa tì wọ́n? Ẹ tètè dá mi lóhùn o, torí ọkùnrin náà lóun ń bọ̀ wá bínú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.